Lancia Gamma 1981 kan wà fún títà ládùúgbò mi: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

ọmọ_Ìbàdàn_ní_Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Bàbá òyìnbó kan ládùúgbò wa fẹ́ ta Lancia Gamma rẹ̀. Salúùnù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, ọdún 1981, ẹ́ńjìnnì lítà méjì ààbọ̀, gíà ọlọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú gàráàjì láìrìn. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì dán, àga inú rẹ̀ kò ya, ìwé rẹ̀ sì pé. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ Ítálì láti kékeré, àmọ́ èyí kì í ṣe irú tí èèyàn ń rí lójú títì. Àwọn tí mo bi léèrè pín sí méjì. Apá kan ní kò sí ọkọ̀ tó dùn ún wà tó o. Apá kejì ní bí mo bá mọ iyì owó mi, kí n sá fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ló ṣe é tí kò fi tà láyé ìgbà yẹn? Kí ni mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi rí kí n tó kówó sílẹ̀?

bàbá_ẹ́ńjìnnì

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè kí o tó sanwó. Bí o bá gbàgbé gbogbo ohun tí a máa sọ níbí, má gbàgbé èyí: má ṣe jẹ́ kí bàbá yẹn ṣáná sí ọkọ̀ náà torí pé ó fẹ́ kí o gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Sílíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì Gamma ní, ṣùgbọ́n wọn kò nàró. Ṣe ni wọ́n dùbúlẹ̀, méjì lápá òsì, méjì lápá ọ̀tún. Apá kọ̀ọ̀kan ní kámṣáàfù tirẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù tó sì ń tì í, apá kọ̀ọ̀kan sì ní bẹ́líìtì tó ń yí i. Títí dé ibẹ̀, kò sí wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n wá ibi tí wọ́n máa so pọ́ǹpù tó ń mú sítiárìn fúyẹ́ mọ́. Wọn ò fún un ní bẹ́líìtì ara rẹ̀. Wọ́n ní kí kámṣáàfù apá òsì máa yí i.

Wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Òtútù ti mú ọkọ̀ mọ́jú, ọ́ìlì inú pọ́ǹpù ti ki. Awakọ̀ ṣáná, ó sì yí sítiárìn dé òpin kó lè jáde nínú gàráàjì. Pọ́ǹpù á le lójijì, kámṣáàfù á fẹ́ dúró, gbogbo agídí yẹn á sì já lé bẹ́líìtì òsì lórí. Bẹ́líìtì tó ti gbó á fo eyín, tàbí kó já. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fáàfù ò ní tíì kúrò lọ́nà tí pístìn á fi dé bá a. Wọ́n á gbá ara wọn, fáàfù á tẹ̀, nígbà mìíràn pístìn pàápàá á fọ́. Gbogbo èyí kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí gbogbo awakọ̀ ń ṣe láràárọ̀ náà ni: ṣáná, yí sítiárìn, jáde. Kò yẹ kí ọkọ̀ olówó gọbọi fìyà jẹ èèyàn nítorí ìyẹn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá ronú kàn án, nítorí pé iṣẹ́ ọgbọ́n ni ìyókù ẹ́ńjìnnì náà.

Nítorí náà, bí o bá rà á, jẹ́ kí ọkọ̀ tówìn gbé e délé mẹkáníìkì. Kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì méjèèjì pẹ̀lú bẹ́árìn tó ń fà wọ́n le. Kí wọ́n wá fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́, jẹ́jẹ́, yíyí méjì gbáko. Bó bá dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n má fipá mú un o. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó ṣáná. Láti ọjọ́ náà lọ, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí o tó máa yí sítiárìn káàkiri, má sì dì í mú ní òpin. Ọdún ni o máa fi ka ìgbà tí o máa pààrọ̀ bẹ́líìtì, kì í ṣe máìlì, torí pé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ lójú kan.

mẹkáníìkì_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ lórí Volkswagen Ìjàpá mọ ẹ́ńjìnnì tó dùbúlẹ̀ bí ẹní mowó. Ṣùgbọ́n ti Ìjàpá, ẹ̀yìn ló wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára, kò sì ní bẹ́líìtì kankan tó lè fo eyín. Ohun tí kò yé mi ni pé, àwọn Mercedes àti BMW ń ta sílíńdà mẹ́fà fún olówó nígbà yẹn. Kí ló gbé Lancia dé ìdí sílíńdà mẹ́rin tó dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ bọ̀kìnní?

ará_Torino

Ẹ jẹ́ kí n gba èyí sọ, torí pé ìlú tí wọ́n ti ṣe é ni mo ń gbé, àwọn àgbà ibi iṣẹ́ wa sì ń jiyàn lé e lórí títí di òní.

Ọdún 1906 ni Vincenzo Lancia dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ níbí ní Turin. Ilé tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rọ ti máa ń borí ọ̀rọ̀ akápò ni látìbẹ̀rẹ̀. Lambda tí wọ́n gbé jáde ní 1922 ti ní ara tó ń gbé ara rẹ̀ láìsí ṣáàsì lábẹ́, táyà iwájú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ láìdúró de èkejì. Aurelia ti 1950 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lọ́pọ̀ yanturu tó lo V6, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà tó tò bíi lẹ́tà V. Nígbà tó di 1960, Antonio Fessia ya Flavia fún wọn: táyà iwájú ló ń fà á, sílíńdà mẹ́rin rẹ̀ sì dùbúlẹ̀. Ẹ rí i báyìí pé ogún ilé ni ẹ́ńjìnnì Gamma. Kì í ṣe pé wọ́n ṣàdédé lálàá rẹ̀.

Àmọ́ ọgbọ́n ẹ̀rọ kò sọ pé kí owó wọlé. Gbèsè pa Lancia débi pé nígbà tí Fiat máa rà á ní 1969, lírà kan péré ni wọ́n san lórí ìpín kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba gbèsè náà sọ́rùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Flaminia tó jẹ́ ọkọ̀ àgbà ilé náà kásẹ̀ nílẹ̀, kò sì sí arọ́pò.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìfà-á-sí-mi fà-á-sí-ẹ. Fiat fúnra rẹ̀ ti ní ọkọ̀ ọlọ́lá kan nílẹ̀, Fiat 130, tó jáde ní 1969. V6 rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ Aurelio Lampredi, ẹni tó ti ya ẹ́ńjìnnì fún Ferrari rí. V6 yẹn ì bá wọ inú ọkọ̀ ńlá Lancia, kí ọ̀rọ̀ parí. Àwọn ẹlẹ́rọ Lancia, tí Sergio Camuffo jẹ́ ọ̀gá wọn, kọ̀ ọ́. Wọn ò fẹ́ kí ọkọ̀ àgbà ilé wọn jẹ́ Fiat tó wọ agbádá ẹlòmíràn. Wọ́n sì tún ti fi àkókò ṣòfò lórí Citroën, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Faransé: Fiat ra ìpín níbẹ̀ ní 1968, èrò sì wà pé kí ọkọ̀ ńlá ilé méjèèjì jọ ní ìpìlẹ̀ kan náà, àmọ́ wọ́n tú ká ní 1973. Ìgbà náà ni àwọn ará Lancia dá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ara wọn, pẹ̀lú owó kékeré àti àkókò díẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé pọ́ǹpù sítiárìn bọ́ síbi tó bọ́ sí.

Oṣù Kẹta 1976 ni Gamma yọjú níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva. Aldo Brovarone ti Pininfarina, ilé tó ń ya ìrísí ọkọ̀, ló ya ìrísí rẹ̀. Tí ẹ bá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ wẹ́lo látorí òrùlé dé ìsàlẹ̀, bíi ti àwòkọ́ṣe kan tí Pininfarina ti ṣe lórí BMC 1800 ní 1967. Gbogbo ẹni tó bá rí i lókèèrè á rò pé ẹ̀yìn yẹn máa ṣí pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀. Kò ṣí. Ìdérí búùtì kékeré nìkan ló ń ṣí. Renault 30 àti Rover SD1 tó jáde láyé ìgbà kan náà ń ṣí ẹ̀yìn wọn gbayawu. Olówó tó ń wá búùtì tó dá dúró bíi ti Mercedes kò rí i lára Gamma, ẹni tó ń wá ẹ̀yìn aláṣìípayá kò rí i. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti pàdánù ju ibi tí àwọn èèyàn ń sọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni ti owó orí. Níbí ní Ítálì láyé ìgbà yẹn, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ju lítà méjì lọ, owó orí rẹ̀ a máa ga fíofío. Gamma àkọ́kọ́ jẹ́ 2,484 cc, agbára ẹṣin 140. Kí àwọn ará ilé lè rà á, wọ́n dín fífẹ̀ sílíńdà kù láti mìlímítà 102 sí 91.5, wọ́n fi ìrìn pístìn sílẹ̀ ní 76, ó sì di 1,999 cc. Èyí kéré fún ara ọkọ̀ náà, owó rẹ̀ kò sì kéré.

Ìlú pàápàá kò rọgbọ. Epo ti gbówó lórí láti 1973. Àwọn ẹgbẹ́ agbébọn ń jí èèyàn ńlá gbé. Inú Fiat 130 ni Aldo Moro, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba rí, wà ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta 1978 tí wọ́n pa àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì jí i gbé ní Róòmù. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, olówó kì í fẹ́ kí ọkọ̀ òun pariwo pé olówó ń bọ̀.

Láti 1976 dé 1984, salúùnù 15,272 àti kúpéè onílẹ̀kùn méjì 6,790 ni wọ́n ṣe. Ìyẹn kò tó nǹkan fún ọkọ̀ tó yẹ kó gbé orúkọ ilé ga fún ọdún mẹ́jọ. Thema tó rọ́pò rẹ̀ ní 1984 bá Saab 9000, Fiat Croma àti Alfa 164 pín ìpìlẹ̀, kò sì sí ohun ìyanu kankan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ lára wọn, síbẹ̀ ó tà ju 300,000 lọ. Mo mọ̀ pé ohun tó yẹ kí Fiat ṣe ni. Ọkàn mi ṣì wà lọ́dọ̀ Gamma.

ìyá_kúpéè

Ẹ ṣeun, ará Torino. Mo fẹ́ fi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún un. Níbí, ìpata ló ba orúkọ Lancia jẹ́. Ní 1980 ni ariwo Lancia Beta ta, tí ilé iṣẹ́ náà ń ra ọkọ̀ tí abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Gamma kọ́ ló dá ọ̀ràn yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kàwé ìròyìn kò bá ẹnikẹ́ni ya Beta sọ́tọ̀. Ní 1994, Lancia kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Britain pátápátá.

Àbúrò mi ní Leeds, kúpéè ni èmi ń wà, torí náà mo lè sọ bó ṣe ń rìn. Nítorí pé ẹ́ńjìnnì dùbúlẹ̀, ìwúwo rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀. Tí o bá yà ní kọ́nà, iwájú kì í wọ̀ sọ́tùn-ún wọ̀ sósì. Sítiárìn tí gbogbo èèyàn ń bú nítorí pọ́ǹpù rẹ̀ yẹn, òun gan-an ló ń sọ fún ọwọ́ rẹ ohun tí táyà ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Búréèkì dísìkì wà ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdádúró rẹ̀ sì fọkàn ẹni balẹ̀. Kì í sáré bí ẹhànnà. Ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn ló mọ̀ ọ́n ṣe, tí ẹ́ńjìnnì á máa kùn lábẹ́lẹ̀ tí ìwọ á sì gbàgbé pé o ti wakọ̀ láti àárọ̀.

Àwọn èèyàn ń lé kúpéè torí ẹwà rẹ̀, owó rẹ̀ sì ti lọ sókè. Salúùnù dínwó ju ìyẹn lọ, ó gùn, ó láyè fún ẹni tó jókòó lẹ́yìn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré èyí tí o rí.

Wo ara rẹ̀ ju ẹ́ńjìnnì lọ. Mo mọ̀ pé bàbá ẹ́ńjìnnì lè má gbà fún mi! Ẹ́ńjìnnì, a lè rí ohun èlò rẹ̀: bẹ́líìtì, gásíkẹ́ẹ̀tì, bẹ́árìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ onílancia mọ ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ìbòrí táyà, ilẹ̀kùn, gíláàsì, iná ẹ̀yìn, wọn kò ṣe wọ́n mọ́, èyí tó bá wà lọ́wọ́ ẹnìkan kì í fẹ́ tà á. Lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ náà. Fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, etí ibi tí táyà ń gbé, ìdí gíláàsì iwájú, ilẹ̀ búùtì lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọ̀dà bá ti wú bíńtín, ìpata ti jẹ inú rẹ̀ lọ nìyẹn. Kó o sì wọ ẹgbẹ́ Lancia Motor Club kó o tó rà á, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Láti 1947 ni ẹgbẹ́ yẹn ti wà, àwọn tó ní Gamma níbẹ̀ kì í fi ìmọ̀ wọn pamọ́.

ọmọ_Ìbàdàn_ní_Leeds

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú làálàá. Mo ti padà lọ wo ìwé rẹ̀. Bẹ́líìtì tó wà lórí rẹ̀ ti pẹ́ gan-an, mo sì ti bẹ bàbá náà kó má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ohun tí mo rí ni pé «2.5 i.e.» ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣé èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́? Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní ó máa ń gbóná jù náà.

bàbá_ẹ́ńjìnnì

Ó yàtọ̀, ó sì dára fún ọ. Ní 1980 ni wọ́n tún Gamma ṣe. Wọ́n yọ kábúrétọ̀ kúrò lára 2.5, wọ́n fi ìfúnpo Bosch L-Jetronic, ẹ̀rọ tó ń fún epo wọ ẹ́ńjìnnì, sí i. Irú ìfúnpo yẹn wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì láyé ìgbà náà, torí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ṣọ̀wọ́n. Wàhálà pọ́ǹpù sítiárìn kò lọ o.

Ti gbígbóná, òótọ́ ni. Álúmíníọ̀mù ni bulọ́ọ̀kù àti tọ́ọ̀pù rẹ̀, ṣílíìfù tí pístìn ń rìn nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí omi rédíétọ̀ yí ká. Ìsàlẹ̀ ṣílíìfù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti dí omi mọ́ kó má bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá hó lẹ́ẹ̀kan, tọ́ọ̀pù á ká, gásíkẹ́ẹ̀tì á lọ. Bí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n bá tú tọ́ọ̀pù, tó wá yí ẹ́ńjìnnì láìdi ṣílíìfù mú, ṣílíìfù á ṣí kúrò ní ìjókòó rẹ̀, omi á sì rí ọ̀nà. Nítorí náà béèrè ẹni tó tú u kẹ́yìn àti ìdí tó fi tú u.

Ṣí ìdérí ọ́ìlì. Bí o bá rí ohun tó funfun bí ẹ̀kọ mímu lábẹ́ rẹ̀, omi ti wọlé. Ọkọ̀ tó dúró pẹ́ lè ní díẹ̀ nítorí òógùn òtútù, ṣùgbọ́n fa igi ọ́ìlì jáde pẹ̀lú: bó bá funfun níbẹ̀ náà, má tan ara rẹ jẹ. Wo omi rédíétọ̀. Tó bá pọ́n bí omi erùpẹ̀, omi lásán ni wọ́n ń bù sí i láìsí oògùn tó ń dáàbò bo álúmíníọ̀mù, inú ọ̀nà omi á sì ti ń jẹrà. Wo bóyá fáànù ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá wá ṣáná sí i lẹ́yìn àtúnṣe.

Ìyá kúpéè, mo gbà fún yín lórí ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì a máa ṣeé tún kọ́. Gíláàsì kò ṣeé ṣẹ̀dá.

mẹkáníìkì_Mọ́kọ́lá

Ẹnìkan bi mí bóyá irú ọkọ̀ báyìí ṣeé kó wá sílé. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

ìyá_kúpéè

Kò ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n mi. Gósílóò Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tí kò fẹ́ràn ooru, láìsí ohun èlò nítòsí? Ẹ jẹ́ kó wà níbi tí òtútù wà.

Àbúrò, ohun kan wà tí wọn kò sọ fún ọ níbẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ti lé lógójì ọdún níbí lè wọ ìsọ̀rí ọkọ̀ àtijọ́. Bó bá ti wọ̀ ọ́, owó orí ọkọ̀ rẹ̀ di òfo, a sì dá a sí lórí ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà ní London lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tó ń fi hàn pé ọkọ̀ ṣeé wà lójú títì, kì í ṣe dandan mọ́ fún un, bí wọn kò bá ti yí ẹ̀rọ àti ara rẹ̀ padà pátápátá. Àmọ́ ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìsọ̀rí náà, kì í ṣàdédé wọ̀ ọ́. Èmi ṣì máa ń gbé tèmi lọ fún MOT. Ojú kejì tó ń wo búréèkì mi tọ́ sí owó tí mo ń san.

ará_Torino

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: epo. E10 tó wà ní pọ́ǹpù báyìí ní ẹ́tánọ̀ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá, ó sì máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo láti táńkì dé iwájú, kó o sì máa ra súpà tó jẹ́ E5. Epo tó wà nínú táńkì rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, da gbogbo rẹ̀ nù, kó o sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ìsàlẹ̀ táńkì bóyá ìpata wà níbẹ̀. Ìpata tó bá dé inú ìfúnpo Bosch á dí i, owó rẹ̀ kò sì kéré.

ọmọ_Ìbàdàn_ní_Leeds

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti pinnu pé iye tí ẹni tó máa tún ẹ́ńjìnnì kọ́ lè san ni mo máa fún bàbá náà, kì í ṣe iye ọkọ̀ tó ń rìn. Mo ti bá ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, á tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́ Sátidé. Màá ya àwòrán abẹ́ rẹ̀, màá sì gbé e síbí.

bàbá_ẹ́ńjìnnì

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ lọ́sàn-án, lọ́jọ́ tí òjò kò rọ̀, torí ara ọkọ̀ tó tutù máa ń fi àbùkù ọ̀dà pamọ́. Ya àwòrán ìdérí ọ́ìlì àti igi ọ́ìlì pẹ̀lú, kó o sì ya ti ibi tí pọ́ǹpù sítiárìn ti so mọ́ kámṣáàfù. Bí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, bẹ́líìtì náà ti ń mu ọ́ìlì nìyẹn.